Màámi Ti Dúpẹ́ Kí Sẹ́ẹ̀lì Mi Tó Dàgbà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fa àga súnmọ́ mi díẹ̀, kí n sọ ohun tójú mi rí ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà ìkórè tó kọjá. Mo ti gbìyànjú láti pa á mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí gan-an, ara mi ń yá gágá!

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n tètè là á yé yín, torí bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kò ní mọ ìdí tí màámi fi jó dé iwájú pẹpẹ. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí, àmọ́ Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú láàbù kan tí a ti ń wo sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn nǹkan tíntìntín tí ara wa fi di ara. Ojú lásán kò lè rí wọn, àfi téèyàn bá fi máíkírósíkóòpù wò wọ́n.

Àwọn kan wà nínú ọpọlọ tí wọn kò tíì yan iṣẹ́. Wọ́n dà bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tó lè di télọ̀, tó lè di tíṣà, tó sì lè jókòó sílé kó máa sùn. Àwọn ni mò ń tọ́jú. Stem cell ni òyìnbó ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni mo máa ń pè wọ́n fún màámi. Ìṣòro wọn ni pé bí èèyàn bá ti ń dàgbà, púpọ̀ nínú wọn á kàn sùn lọ. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa rọ́pò èyí tó kú, oorun ló ń sùn!

Kí ló ń mú wọn sùn? Ohun tí mo ti ń wá láti ọdún mélòó kan nìyẹn. Inú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kún fún purotéènì, ẹ má sì rò pé ti ẹ̀wà àti ẹyin nìkan ni mò ń sọ. Purotéènì ni òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì. Òmíràn ń gbé ẹrù, òmíràn ń kó ìdọ̀tí dànù, òmíràn ń ṣílẹ̀kùn, òmíràn ń tì í. A fura sí ọ̀kan nínú wọn. Ó jọ pé bí òun bá ti pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, oorun dé nìyẹn. A ní ká dín in kù, ká wò ó bóyá wọn yóò jí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n jí!

Mo dé láàbù láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé àwo wọn sábẹ́ máíkírósíkóòpù bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì rò pé màá bá wọn bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn tí a kò fọwọ́ kàn ṣì ń sùn. Àwọn tí a dín purotéènì yẹn kù nínú wọn ti ń pín, wọ́n ti ń pọ̀ sí i, àwọn mìíràn sì ti ń na ọwọ́ gbọọrọ síta bíi sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ gidi. Mo pariwo! Ọ̀gá mi sáré wọlé, ó rò pé iná ti gbé mi. Ó wò ó, ó tún un wò, ó ní ká tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè dá òun lójú. A tún un ṣe. Wọ́n tún jí.

Ta lẹ rò pé mo kọ́kọ́ pè? Màámi ni, ta tún ni? Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màámi, ohùn rẹ̀ sì ṣì lè pe gbogbo kíláàsì sí àkíyèsí. Ohun tí mo sọ fún un kò ju pé àwọn sẹ́ẹ̀lì mi ti jí, pé ó lè ràn wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú láti fi sẹ́ẹ̀lì tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn. Mo fẹ́ fi kún un pé inú àwo ni gbogbo rẹ̀ wà, pé ọ̀nà ṣì jìn. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn? Ó ti bẹ̀rẹ̀ Halelúyà, ó ní òun ń lọ sí ìpàdé àwọn ìyá, ó gé fóònù. Mo rẹ́rìn-ín, mo padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ìgbà tí mo wálé fún ìkórè ìjọ wa ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀rín.

Ọlọ́kadà tó gbé mi láti gáréèjì ló kọ́kọ́ kí mi kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ní kí ló ń sọ. Ó ní ṣé kì í ṣe èmi ni ọmọ Màmá Tíṣà tó ń ṣe ọpọlọ tuntun n'Íbàdàn? Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan wà ní Ìṣẹ̀ tó máa ń gbàgbé nǹkan, bóyá mo lè bá a mú ọ̀kan wá. Mo rò pé àwàdà ni.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, mo bá àlejò lábẹ́ igi máńgòrò. Obìnrin kan láti Èmùré jókòó ti ọkọ rẹ̀ tí apá kan àti ẹsẹ̀ kan ti rọ. Wọ́n gbé iṣu ti ara ògiri, iṣu ńláńlá, èmi ni wọ́n sì gbé e wá fún! Bí obìnrin náà ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀. Obìnrin tó ju màámi lọ, tó ń kúnlẹ̀ fún èmi! Èmi náà sáré kúnlẹ̀. A wá kúnlẹ̀ síra wa bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

Mo wọlé lọ bá màámi ní kíṣíìnì, mo bi í pé kí ló ṣe. Ó ní kò sí ohun tí òun ṣe, òun kàn dúpẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn fún ẹ̀yin tí ìjọ yín kì í ṣe irú rẹ̀. Ní ìjọ tiwa, ìdúpẹ́ kì í dúró de ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ dúpẹ́. Bí o bá ń wá ọmọ, o lè kó ẹbí rẹ jọ, kí ẹ jó dé iwájú, kí o dúpẹ́ ọmọ tí o kò tíì lóyún rẹ̀. Ìdúpẹ́ ìgbàgbọ́ ni à ń pè é. Mo ti rí ẹni tó dúpẹ́ ilé lórí ilẹ̀ tí kò tíì rà. N kò bú u o, ó ń fún èèyàn nírètí. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí gbogbo wa sì mọ̀. Bí o bá ti dúpẹ́ tán, o kò gbọdọ̀ hùwà mọ́ bí ẹni tí nǹkan náà kò tíì tẹ̀ lọ́wọ́. Bí o bá hu irú ìwà bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ìwọ fúnra rẹ lo fọwọ́ ara rẹ tú u.

Màámi ti lọ dúpẹ́ ọpọlọ tuntun. Kì í ṣe fún ara rẹ̀ o! Fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, Bàbá Ìgbàrà.

Àgbẹ̀ kòkó ni Bàbá Ìgbàrà. Ìgbàrà-Odò ló ti ń dáko láti ìgbà tí màámi ti wà lọ́mọdé, ibẹ̀ náà la ti mú orúkọ tí à ń pè é. Òun ló rán màámi níléèwé, tó fi di tíṣà. Láti bí ọdún mélòó kan báyìí, ó ti ní àìsàn kan tó ń jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, tó ń mú kí ara rẹ̀ le, tó ń mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ rìn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣe èròjà tí ara fi ń rìn geere. Àwọn wọ̀nyẹn ló ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú orí rẹ̀. Oògùn tó ń lò kò lè jí èyí tó ti kú, àmọ́ ó ń rọ́pò èròjà náà, òun ló sì jẹ́ kó lè di bọ́tìnnì, kó sì lè já kòkó. Ṣé ẹ ti wá mọ ìdí tí mo fi yan iṣẹ́ tí mo yàn?

Màámi ní kí wọ́n gbé e wá láti Ìgbàrà, àwọn méjèèjì sì jó lọ síwájú lọ́jọ́ ìsinmi. Màámi gba máíkì. Ó ní Ọlọ́run ti lo ọmọ òun, sẹ́ẹ̀lì ti jí, ẹ̀gbọ́n òun ti gba ọpọlọ tuntun. Gbogbo ìjọ dìde dúró! Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ọ̀rọ̀ ti dé Ìṣẹ̀, ó ti dé Èmùré.

Mo bi màámi pé níbo ni Bàbá wà. Ó ní kò tíì padà sí Ìgbàrà, ó wà ní yàrá, ó ń sinmi. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Mo bá Bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ kò mira, itọ́ ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó fẹ́ kí mi káàbọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò já gaara. Mo gbé apá rẹ̀ sókè, ó le gan-an. Ọkùnrin tí mo fi sílẹ̀ níjọ́sí tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sóko! Mo wo orí tábìlì, n kò rí oògùn. Mo wo màámi. Ó ní Bàbá ti fi oògùn sílẹ̀ láti ọjọ́ ìdúpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, tàbí tí èèyàn yín ń lò ó, ẹ fetí sí mi dáadáa. A kì í dédé dá a dúró. Bí èèyàn bá dédé dá a dúró, ara lè le débi pé oúnjẹ kò ní ṣeé gbé mì, ara lè gbóná bí iná, ẹ̀mí sì lè bá a lọ. Ohun tí mo ń wò lórí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Kì í ṣe ọpọlọ tuntun, ikú ló ti ń súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀.

Mo bínú sí màámi. Mo ní sẹ́ẹ̀lì inú àwo ni mo sọ, n kò sọ pé mo ti fi sórí ẹnikẹ́ni. Ó ní ṣebí èmi náà ni mo pe òun pé wọ́n ti jí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n jí, n'Íbàdàn! Màámi bú sẹ́kún. Ó ní kí ni òun ì bá ṣe, ṣé kí òun máa wo ẹni tó rán òun níwèé kó máa gbọ̀n lọ títí ni? Ìbínú mi kò rí ibi dúró sí mọ́. Èmi náà sunkún.

Mo pe dókítà Bàbá ní Adó. Ó ní irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sí òun. Ó sọ ìwọ̀n tí a máa fi bẹ̀rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, ó ní kí a gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àti pé bí kò bá lè gbé omi mì tàbí tí ara rẹ̀ bá gbóná, a kò gbọdọ̀ dúró de àárọ̀. Mo fún Bàbá lómi díẹ̀, ó gbé e mì. Mo dúpẹ́ ìyẹn, ìdúpẹ́ ohun tó ti tẹ̀ mí lọ́wọ́! Mo wá mú oògùn nínú báàgì tí wọ́n kó o pamọ́ sí, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ó pa ẹnu dé.

Màámi bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mo pe pásítọ̀ wa lórí fóònù. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà, ó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kó fi oògùn sílẹ̀, ó sì bá Bàbá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kó jọ̀wọ́ lò ó. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní kì í ṣe pásítọ̀ ló jó. Ó wá kọjú sí mi, ó fi ohùn Èkìtì rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Fúnmi, mo ti dúpẹ́. Dede ìjọ ló rí mi, gbogbo wọn. Ṣé kí n wá padà lọ sí ulé Ọlọ́run, kí n sọ fún un pé urọ́ ni mo jó?"

Kí lẹ máa sọ sí ìyẹn? Ẹ sọ fún mi! Ọkùnrin yìí kò fẹ́ kú rárá. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló ń ṣọ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, bó bá ti sọ pé òun ń bọ̀ lọ́la, òjò ì báà rọ̀, á dé.

Mo mú fóònù mi jáde, torí n kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́. A ti ya àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ní fọ́tò léraléra, a sì so wọ́n pọ̀ di fídíò, kí ohun tí wọ́n fi ọjọ́ ṣe lè kọjá lójú èèyàn ní ìṣẹ́jú kan. Mo gbé e sí iwájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ tí kò mira láti ìgbà tí mo ti wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn. Ó bi mí bóyá àwọn ni. Mo ní àwọn ni. Ó ní kí n tún un ṣe. Màámi nu ojú rẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn mi, òun náà ń wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó! Màámi ti dúpẹ́ wọn níwájú gbogbo ìjọ, kò tíì rí wọn rí.

Ẹ mọ̀ mí, bí ọ̀rọ̀ bá ti kan sẹ́ẹ̀lì, n kì í mọ ìgbà tí mo ń dákẹ́. Mo ń fi ìka tọ́ka, mo ń sọ pé ẹ wo eléyìí tó ń pín, ẹ wo èyí tó ń nawọ́ sí ẹnì kejì rẹ̀! Mo gbàgbé ìbẹ̀rù mi. Àfìgbà tí Bàbá bi mí pé èwo ni tòun nínú wọn.

Mo ní kò sí tiyín níbẹ̀, Bàbá.

Ó pa ojú dé. Mo mọ̀ pé bí n kò bá tètè sọ̀rọ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé nígbà tó bá gbin kòkó tuntun sábẹ́ ògbólógbòó, tí ọmọ kòkó bá yọrí, ṣé ó máa ń dúpẹ́? Ó ní báwo ni òun ò ṣe ní dúpẹ́. Mo ní ṣé ọjọ́ yẹn náà ló máa ń gé ògbólógbòó lulẹ̀? Ó la ojú, ó wò mí bí ẹni tó bú oko rẹ̀. Ó ní ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣebí òun ló ń ṣíji bo ọmọ, ṣebí ara rẹ̀ náà ni à ń jẹ títí ọmọ yóò fi so.

Mo ní oògùn yìí ni ògbólógbòó. Mo ní ìdúpẹ́ yín kì í ṣe irọ́, ọmọ kòkó ti yọrí lóòótọ́, ẹ ti fojú ara yín rí i. Ẹ kàn gé ògbólógbòó kí àsìkò rẹ̀ tó pé ni.

Inú mi ti ń dùn, mo ti rò pé mo ti borí! Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí àgbẹ̀ kankan kò ní ṣàì bi èèyàn.

"Urú kòkó rẹ yìí, ọdún mélòó ló fi ń so?"

Màámi ń wò mí. Mo mọ ohun tó fẹ́ kí n sọ. Ó fẹ́ kí n sọ pé kò ní pẹ́. Irọ́ kékeré ni, oògùn ì bá sì wọlé. Ṣùgbọ́n ṣebí ọ̀rọ̀ tí a sọ ju bó ṣe wà lọ ló gbé wa débẹ̀?

Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní n kò mọ̀. Mo ní sẹ́ẹ̀lì tó jí tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró lè di kókó burúkú nínú orí, nítorí náà a gbọ́dọ̀ mọ purotéènì yìí délé délé ká tó fi kan èèyàn. Mo ní àwọn kan lókè òkun ti ń dán gbígbin sẹ́ẹ̀lì wò fún irú àìsàn yìí, wọ́n sì ń rọra ṣe é. Mo ní ó ṣeé ṣe kó má bá yín láyé, Bàbá.

Màámi ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bàbá gbé ọwọ́ gbígbọ̀n yẹn sókè pé kó dákẹ́. À ń gbọ́ ohùn obìnrin ará Èmùré níta, ó ń fún ọkọ rẹ̀ lómi mu.

"Bí kò bá lè kàn mí," Bàbá ní, "ṣé èmi lè kàn án?"

Kò kọ́kọ́ yé mi. Ó rọra ṣàlàyé. Ó ní kòkó tí òun jẹ láyé òun, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bàbá àwọn ló gbìn ín, bàbá náà kò sì pẹ́ láyé láti jẹ ẹ́. Ó ní ǹjẹ́ ohunkóhun wà lára òun tí a lè mú gbìn?

Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo fò dìde, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi inú ife sí i lára! Torí ó wà! Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń jí láti ọjọ́ yìí wá, ti àwọn tí ara wọn le ni. A kò mọ̀ bóyá purotéènì yẹn ń ṣe bákan náà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹni tó ní àìsàn náà gan-an. Ọ̀gá mi sì ti ń wá irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ káàkiri, kí wọ́n yọ̀ǹda awọ díẹ̀ fún wa. Ẹyọ awọ kékeré láti apá tó, a lè da sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ padà sí bó ṣe wà nígbà tí kò tíì yan iṣẹ́, ká wá sọ ọ́ di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ti ọpọlọ. Mo ti ń wá ẹni yìí kiri, ẹ̀gbọ́n màámi ni!

Mo sáré kó ara mi ní ìjánu. Mo ní kì í ṣe èmi ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹbí ni wá. Ẹlòmíràn ló máa jókòó tì í, tó máa sọ gbogbo rẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ á sì sọ bóyá ó fẹ́ tàbí kò fẹ́, ó sì lè yí ọkàn padà nígbàkígbà. Mo ní kò sì sí dókítà tó máa gbà kí a gé awọ lára ẹni tó wà ní irú ipò tó wà yìí.

Ó na ọwọ́ sí ife.

"Mú oògùn wá," ló ní, "kí urúgbìn má gbẹ."

Ó gbé e mì. Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé e lọ sí Adó, wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ díẹ̀. Kí n tó kúrò nílé, mo jáde lọ bá obìnrin ará Èmùré, mo sọ ohun tí mo ní àti ohun tí n kò ní fún un. Ó sunkún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo sọ fún un nípa ibi tí wọ́n ti ń fi eré ìmárale ran àwọn tí ẹsẹ̀ wọn rọ lọ́wọ́ ní ọsibítù, kò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà. Ó ti mú ọkọ rẹ̀ lọ báyìí. Kò jẹ́ kí n dá iṣu rẹ̀ padà, ó ní kí n jẹ ẹ́, pé iṣu òtítọ́ tí mo sọ ni.

Ọjọ́ ìkórè pé. Wọ́n ti dá Bàbá sílẹ̀ ní ọsibítù, ó di bọ́tìnnì bùbá rẹ̀ fúnra rẹ̀! Màámi tún gba máíkì. Ó ní ìdúpẹ́ tí òun ṣe kò yẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu òun sáré ju sẹ́ẹ̀lì lọ. Ìjọ rẹ́rìn-ín. Ó pè mí, mo sọ ohun tí a rí gan-an, kò lé, kò dín. Ibi tí a ti ń gba ọrẹ ni àsìkò oògùn Bàbá tó. Kò jáde síta. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi, ó jókòó sí ìjókòó iwájú, ó lo oògùn rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó sì dìde, ó jó lọ fi ọrẹ sílẹ̀.

Ẹ̀yin rò pé ó tán? Lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun náà ti fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ láti ìgbà tí òun ti dúpẹ́ ìwòsàn. Bàbá àgbà kan tún wá. Tọkọtaya kan wá nítorí ọmọ wọn tó ní wárápá. Wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ṣé ẹ rí i? Ká ní Bàbá jáde síta lọ lo oògùn rẹ̀ ni, mélòó nínú wọn ni ì bá sọ̀rọ̀?

Nígbà tí ara Bàbá balẹ̀, alábàáṣiṣẹ́ mi kan ní láàbù lọ bá a, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó bi í ní ìbéèrè, Bàbá náà bi í léèrè. Ó gbà. Wọ́n mú awọ díẹ̀ lápá rẹ̀. Ó ti tó oṣù díẹ̀ báyìí, awọ yẹn sì ti di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ti ọpọlọ. Bàbá máa ń pè mí láàárọ̀, kì í béèrè nípa mi mọ́, á ní ṣé àwọn ọmọ òun ti jẹun? Torí mo sọ fún un pé a máa ń bọ́ wọn.

Oorun wọn jinlẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Purotéènì yẹn pọ̀ nínú wọn gan-an! Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí? Ó túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tó yẹ ká wà náà la wà! A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù, mo sì sọ fún Bàbá pé kó bá wa gbàdúrà kí wọ́n tètè jí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má kánjú pẹ̀lú wọn, ọ̀nà Ìgbàrà jìn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Dúpẹ́ o, jó o, ìgbàgbọ́ dára. Ṣùgbọ́n lo oògùn rẹ, kí o sì lò ó níbi tí ẹlòmíràn ti lè rí ọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ bíi tèmi, bí ìròyìn ayọ̀ bá dé, ẹ má jẹ́ kí ìyá yín gé fóònù kí ẹ tó sọ ìyókù!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹnì kan ti fi oògùn sílẹ̀ rí nínú ilé yín nítorí ohun tí kò tíì dé? Kí lẹ sọ fún un tó fi gbọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á, ẹlòmíràn sì lè wà níbẹ̀ tó nílò rẹ̀ lónìí. Èmi ń lọ bọ́ àwọn ọmọ Bàbá ná.